Orúkọ Ìwé àti Orílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìdílé Vaughan ti Èkó

Nínú ìwé ìròyìn Ebony ti oṣù kejì ọdún 1975 ni Era Bell Thompson ti ròyìn ìdílé Vaughan fáyé gbọ́. Ohun tí àwọn ará ilé náà ń sọ, ní Èkó àti ní Amẹ́ríkà, ni pé Ẹ̀gbá ni Scipio Vaughan, baba ńlá wọn, pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti mú un lẹ́rú, àti pé nígbà tí ọmọ rẹ̀, James Churchwill Vaughan, dé ilẹ̀ Yorùbá, ilà ojú bàbá rẹ̀ ló fi dá ẹbí mọ̀. Lisa Lindsay tú ìtàn yìí wò nínú Atlantic Bonds (2017), ó sì jọ lójú rẹ̀ pé Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n bí Scipio sí. Mo gbà fún un. Ọjọ́ orí ìlú nìkan ti tó láti bi ìtàn náà wó: 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó, nígbà tí Scipio ti dàgbà tán ní Camden, ní South Carolina. Ta ni wọ́n ń mú lẹ́rú nílùú tí kò tíì sí?

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọpa ìdílé lónìí ni ohun tó yẹ ká dì mú lẹ́yìn tí ìtàn ẹnu bá ti wó. Lójú tiwọn, orúkọ tó wà nínú ìwé ló kù. Èmi ní orúkọ inú ìwé náà ló mẹ́hẹ jù nínú gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀. Wọ́n á ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò ní Camden? Ilé ọ̀gá tó ra ẹrú ni. Ẹni tó bá di orúkọ Vaughan mú ṣinṣin, Wales ló máa bá ara rẹ̀, láàárín àwọn tí kò bá Scipio tan rárá.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Orúkọ ìwé ni mo pe èyí tí akọ̀wé, àlùfáà tàbí tíṣà kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì lẹ̀ mọ́ ọmọ dé ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ló ń sọ fún wa. Orílẹ̀ ń sọ ibi tí ilé ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ ná.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé láyé ọjọ́un. Tíṣà á ní, "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?" Ẹ̀gbọ́n á dárúkọ bàbá tó bí i. Àbúrò, tí bàbá àgbà fà lọ́wọ́ wá ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, á dárúkọ bàbá àgbà, torí òun ló mọ̀ ní Bàbá. Ọmọ ìyàwó kejì á pe orúkọ agboolé. Bàbá kan náà, orúkọ ìwé mẹ́ta. Ẹ wá wo òdì kejì rẹ̀: Adéyẹmí wà ní Oǹdó, ó wà ní Ọ̀yọ́, wọn kò sì bá ara wọn tan.

Ti àwọn Sàró, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì padà wálé láti Sierra Leone, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún Àjàyí ní 1825 ló di Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846, Crowther kọ́ ló mú wọn pàdé. Macaulay ni Herbert, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, ń jẹ́ ní tirẹ̀. David Brown Vincent sì sọ orúkọ náà nù ní 1894, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí; ẹni tó bá ń wá Vincent kiri lẹ́yìn ọdún yẹn á sọnù sọ́nà. Kí a má tíì sọ ti àwọn obìnrin. Ọmọ Vaughan ni ìyá Kòfowórọlá Adémọ́lá, ẹni tó gboyè ní Oxford ní 1935, ṣùgbọ́n Moore lòun jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni Vaughan ti parẹ́.

Àwọn kan á tọ́ka sí àkójọ African Origins, tó kó orúkọ 91,491 ènìyàn jọ, pàápàá láti inú ìwé àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ìṣúra ni, n kò jiyàn. Bóyá ó tilẹ̀ lè sọ ẹ̀yà tí ènìyàn ti wá. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ló ṣe kọ, bí ó bá sì kọ Òjó tàbí Àìná, bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà ló sọ, kò sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ní ti orílẹ̀, iṣẹ́ Babalọlá (1967) lórí oríkì orílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Barber (1991) ti fi ti Òkukù hàn wá pé ìlú ìṣẹ̀ǹbáyé ni oríkì orílẹ̀ ń dì mú, kì í ṣe ìran bàbá sí ọmọ ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn kan ka èyí sí àléébù. Èmi kò rí àléébù níbẹ̀: ìlú náà gan-an là ń wá.

Ẹ̀rí kan wá wà tí a kò kà sí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, gbà pé ọmọ lè gba orílẹ̀ ìyá bí ti bàbá bá ti sọnù. Ẹ fi èyí wo Churchwill Vaughan. Ó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1855, ogun Ìjàyè lé e dé Abẹ́òkúta, Ìfọ́lé 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú náà, sì lé e dé Èkó. Láàárín àwọn tó bá gbé, ó jọ pé òun kò rí nǹkan kan dáhùn bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ibo ni. Mo fura gidigidi pé ibẹ̀ ni ìtàn ilà ojú ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń bá àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ gbé, tí wọ́n sì jọ sá kúrò nílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ orílẹ̀ ni ìtàn náà ń ṣe fún ẹni tí kò ní, kò sì yẹ ká tún máa fi wá ibi tí wọ́n bí Scipio sí. Orílẹ̀ tó dájú fún àwọn ọmọ Vaughan ti Èkó ni ti ìyàwó Churchwill, Sarah Ọmọ́táyọ̀. Ìdí ìyá yẹn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.