Bíbu Páńkíríásì Tuntun Wò ní Ara Aláìsàn: Ìtàn Ìbẹ̀rù Kan

Ohun tí a fẹ́ tọ pinpin rẹ̀ nínú bébà yìí ni ìdí tí ó fi pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó gbà láti fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú páńkíríásì tí wọ́n fi sí ara aláìsàn fún àyẹ̀wò, nígbà tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí kíndìnrín tipẹ́. Èrò tiwa ni pé ibi tí wọ́n ń darí omi páńkíríásì sí ni ó fa ìyípadà náà, kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀yà yìí ń ṣe. Ó ń tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sun omi tí ń da oúnjẹ nínú ìfun. Omi yìí ni ó ń ba oníṣẹ́ abẹ lẹ́rù: bí ó bá jò sínú ikùn, ẹran ara gan-an ni yóò máa dà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1966, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, William Kelly àti Richard Lillehei fi páńkíríásì àti kíndìnrín ẹni tí ó ti kú sí ara obìnrin alátọ̀gbẹ kan. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀: báwo ni a óò ṣe mọ̀ pé ara ti ń kọ àlejò náà? Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sọ. Nígbà tí yóò bá fi lọ sókè, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Hans Sollinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin sọ dídarí omi náà sínú àpò ìtọ̀ di ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ìtọ̀ wá di ẹlẹ́rìí: bí ámíléèsì inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, oníṣègùn a fura. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé láti bu ẹran náà wò. Ṣùgbọ́n omi yìí ń ha àpò ìtọ̀, ó sì ń mú kí omi àti iyọ̀ ara ṣòfò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe padà sí ìfun láti nǹkan bí àárín ọdún 1990 sí 1999. Ẹlẹ́rìí sì bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan fi kíndìnrín tí ó ti ara ẹni kan náà wá ṣe agbẹnusọ fún páńkíríásì. Bíbu méjèèjì wò pọ̀ ti fi hàn pé wọn kì í fìgbà gbogbo fohùn ṣọ̀kan. Ó wá di dandan kí abẹ́rẹ́ gba awọ ikùn kọjá, kí ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán inú ara, tàbí ẹ̀rọ CT, máa fi ọ̀nà hàn án kí ó má baà kan ìfun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, omi lè jò, páńkíríásì sì lè wú; àmọ́ ìròyìn láti ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi hàn pé àwọn ìjàǹbá ńlá kò wọ́pọ̀, ẹran tí wọ́n sì ń bù sábà máa ń tó kà. Ní 2008 ni wọ́n tẹ ìlànà Banff jáde, tí gbogbo wọn lè fi ka ẹran náà bákan náà.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ẹni tí kòkòrò àrùn ń bá páńkíríásì rẹ̀ jà, tí a wá ń fi oògùn rẹ àjẹsára rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìfura lásán, ikú ni a ń fà sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, kí a rántí pé àwọn tí ọ̀nà abẹ́rẹ́ hàn kedere lára wọn ni ìròyìn wọ̀nyí sọ nípa wọn. Ẹni tí ìfun bo páńkíríásì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò sí nínú iye náà.