Ẹrù Tí Ìwé Kò Tẹ̀ Lé: Owó àti Àkọsílẹ̀ Nínú Ìtàn Kíkó Pàǹtí Olóró

Ní ọdún 1978, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ńlá kan ń rìn lóru, ó sì ń da òróró sí ẹ̀bá títì bí ó ti ń lọ. Òróró náà ti inú àwọn ẹ̀rọ tiransifọ́mà wá. Kẹ́míkà PCB wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, tí a sì kà mọ́ ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Kí àṣírí tó tú, nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 31,000 ti ṣàn sí etí ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ lé ní máìlì 200. Èyí kì í ṣe jàǹbá. Òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ dída irú òróró bẹ́ẹ̀ nù di nǹkan olówó gọbọi ni, àwọn tó kó o sì yan ọ̀nà tí kò ní ná wọn ní nǹkan kan.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo ohun tí owó tí ìjọba ń gbà àti àkọsílẹ̀ tí ó ń béèrè lórí kíkó pàǹtí olóró wà fún. Èrò wa ni pé bí owó dída pàǹtí nù bá ga, tí àkọsílẹ̀ kò sì tẹ̀ lé ẹrù náà dé òpin ìrìn rẹ̀, ẹrù náà kì í pòórá. Ńṣe ni ó máa ń yà sí ilẹ̀ àwọn tí agbára wọn kéré.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí pàǹtí, tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, ti rí ọ̀nà kan: ìwé tí yóò máa bá ẹrù rìn. Ilé-iṣẹ́ tó ni pàǹtí yóò kọ irú àti iye rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Akẹ́rù, tó gbọ́dọ̀ ti gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ àjọ EPA, yóò fọwọ́ sí i. Ibi tí ẹrù náà gúnlẹ̀ sí yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú, yóò sì dá ẹ̀dà kan padà fún ẹni àkọ́kọ́. Lábẹ́ ìlànà náà ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀dà náà kò bá dé láàárín ọjọ́ 35, ilé-iṣẹ́ ńlá ní láti wádìí nígbà náà. Bí ọjọ́ 45 bá pé, ó ní láti fi tó ìjọba létí nígbà náà. Ẹ̀dà tó ń padà bọ̀ yìí gan-an ni agbára ìlànà náà. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 1980 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lóòótọ́, òfin mìíràn ni ó ń ṣàkóso PCB, síbẹ̀ àlàfo kan náà ni: owó ti ga, kò tíì sí ìwé tí yóò tọ ipa ẹrù.

Ta ni ó wá ru ẹrù náà? Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ha erùpẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò ní etí títì, àgbègbè Warren, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù, ni wọ́n yàn láti sin ín sí. Ní ọdún 1982, àwọn ará ibẹ̀ dùbúlẹ̀ síwájú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọlọ́pàá mú èèyàn tó lé ní 500, ṣùgbọ́n wọ́n sin erùpẹ̀ náà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, wọ́n kó pàǹtí tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù 4,000 láti Ítálì wá sí Kókó, èbúté kan nílẹ̀ àwọn Ìtsẹ́kírì, tí èdè wọn jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá. PCB wà lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹrù yìí kò ní ìwé. Irọ́ ni ìwé rẹ̀ ń pa, nítorí ó pè é ní ohun èlò iṣẹ́ ilé kíkọ́. Nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni ẹni tó ni àgbàlá tí wọ́n kó àgbá wọ̀nyí sí ń gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni ó ta ilé lólobó, tí àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1988.

Kíá ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tó sọ kíkó irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére, tó sì ní kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tó bá kó o. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹrù bá ti dé ni ìjìyà ń bọ̀. Àdéhùn Basel ti oṣù kẹta ọdún 1989 ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí ìwé sì bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1991, àdéhùn Bamako fòfin de kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ Áfíríkà pátápátá. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti Basel ní ọdún 1990, ṣùgbọ́n títí di òní kò tíì sọ ọ́ di òfin ilé rẹ̀.

Nílé tirẹ̀, Amẹ́ríkà gbé ìwé ẹrù lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2018. Owó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan: ní ìbẹ̀rẹ̀, dọ́là 15 fún èyí tí a bá fi ránṣẹ́ nínú àpòòwé, dọ́là 5 fún èyí tí a bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà látòkèdélẹ̀. Ibi tó gba ẹrù ni ó ń san án, kì í ṣe akẹ́rù. Lójú tiwa, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Owó tí a gbé ka akẹ́rù lórí lójú ọ̀nà lè mú un yà sínú igbó. Èyí tí a gbà níbi tí ẹrù ti gúnlẹ̀ kò fún un ní ìdí láti yà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Iṣẹ́ ìwé ẹrù ni pé kí ẹni àkọ́kọ́ má lè gbàgbé. Níbi tí ìwé ti parọ́ ní Kókó, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, tí wọ́n gbọ́ èdè ibi tí ẹrù ti wá, tí wọn kò sì gbàgbé ilé, ni ó ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dà ìwé náà kò ṣe.