Nàgó, Yorùbá, Ede: Orúkọ Tí Ó Wà Lábẹ́ Ara Rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ìwé ìbéèrè lọ sí Banikanni ní Parakou, láti mọ èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé, kò ní pẹ́ kan ìṣòro kan: ṣé Nàgó ni kí ó kọ ni, àbí Yorùbá? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Orúkọ tí a bá kọ ni a ó fi ka ènìyàn, òun náà ni a ó sì wò bí a bá ń yan èdè tí a ó fi kọ́ni ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ìtàn orúkọ méjèèjì jọra. Ànàgó jẹ́ orúkọ àwọn ènìyàn kan ní agbègbè Ìpókíá, nítòsí ààlà Nàìjíríà àti Benin òde òní. Àwọn Fọn fi orúkọ náà pe gbogbo ẹni tí èdè rẹ̀ jọ tiwọn. Òwò ẹrú gbé e kọjá òkun, ó sì di Nagô ní Bahia. Yorùbá ní tirẹ̀, Ọ̀yọ́ ni àwọn Hausa ń fi pè. Crowther fi í sí àkọlé ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1843, àwọn míṣọ́nnárì sì sọ ọ́ di orúkọ gbogbo ìran náà. Koelle ta kò ó nínú Polyglotta Africana ní 1854. Aku ni ó lò, bí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Sierra Leone. Aku kò borí, ṣùgbọ́n ìṣòro tí Koelle rí kò tán. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921, ó ní láti ya “Yorùbá gan-an” sọ́tọ̀ nígbà tí ó bá ń sọ ti Ọ̀yọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ ni ó rí báyìí. Orí tí a ń fá àti orí tí a yàn láti ọ̀run jẹ́ ìtumọ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í ṣe irú èkejì. Ti Yorùbá yàtọ̀: ìtumọ̀ kékeré wà nínú ìtumọ̀ ńlá. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè sọ pé, “Yorùbá ni Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá,” láìtako ara rẹ̀.

Ní Benin, àwọn onímọ̀ èdè mú Ede ní orúkọ àjùmọ̀jẹ́: Ede Nago, Ede Cabe, Ede Ica, Ede Idaca. Ó bu omi pa ìjà orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí èdè gbogbo ayé ni ó tún di orúkọ ẹ̀yà èdè kan. Ètò ìkànìyàn 2002 ní tirẹ̀ kọ “Yorùbá àti àwọn ìbátan wọn”, ìdá 12.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nàgó fara pamọ́ sábẹ́ ìbátan.

Nítorí náà, kí olùwádìí béèrè lẹ́ẹ̀mejì: kí ni ẹ ń pe èdè ilé yín? Kí ni ẹ ń pe gbogbo yín lápapọ̀? Bí ìdáhùn méjèèjì bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.