Orúkọ Ẹyẹ Tí Ogun Kò Lè Kó Lọ ní Kétu

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn òyìnbó máa ń gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, wọn a kó ìyàwó àti ọmọ wọ igbó, wọn kò sì ní mú nǹkan kan bọ̀ ju orúkọ ẹyẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ta ni yóò máa wo ẹyẹ tí kò ní pa á jẹ? Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn Kétu wò dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba ńlá wa wo ẹyẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ilé ni ọmọ sì ti ń kọ́ ọ.

Ọdẹ ló mú wọn dé Kétu. Nígbà tí Alákétu Ẹdẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Àró, ìtàn ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Alálúmọ̀n ló ṣáájú wọn, nítorí òun ló mọ ọ̀nà inú igbó. Etí ni ọdẹ kọ́kọ́ fi ń mọ igbó, kí ó tó fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí àparò bá fò lójijì, nǹkan kan ló dẹ́rù bà á. Bí igún bá ń yí po lókè, òkú ẹran wà nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ náà ní tirẹ̀: ó mọ̀ pé ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé ni lékeléke máa ń pọ̀ lẹ́yìn màlúù, ó sì máa ń fetí sí elúùlúù bí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Òwe wa tiẹ̀ fi elúùlúù ṣe yẹ̀yẹ́, pé òjò tó ń pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí a sì ń rí tí wọ́n tò sórí wáyà iná nígbà ọyẹ́, púpọ̀ nínú wọn ti ilẹ̀ Yúróòpù fò wá, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní físà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti jinlẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ní ó ti bẹ̀rẹ̀, ní 2001 sì ni UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ ogún àtẹnudẹ́nu gbogbo ayé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ wo àwọn orí igi tí àwọn agbẹ́gilére wa gbẹ́, ẹ ó rí ẹyẹ tó ń fi ẹnu fa ejò, ẹ ó rí èyí tó na ìyẹ́ bò orí. Àwọn ìyá wa tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bu ọlá fún, ẹlẹ́yẹ ni à ń pè wọ́n. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúnmbí, kọ iṣẹ́ gígùn kan lórí Ìyàmi Òṣòròǹgà ní 1965. Òṣòròǹgà fúnra rẹ̀, orúkọ ẹyẹ ni. Ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ẹyẹ rí, kò lè gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ó tẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ogun ló yẹ kí ó ti pa gbogbo ìmọ̀ yìí run. Nígbà tí Àjàyí Crowther wọ Kétu ní 1853, ìlú tó dúró gbọn-in ló bá. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ Glele, wó o, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ahoro ni Kétu wà títí di 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, kí àwọn ènìyàn wa tó padà wá tún un kọ́. Nínú àwọn ogun tó sì ti ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti ta ọ̀pọ̀ wa sọdá òkun. Àwọn ilé òrìṣà kan ní Bahia, ní Brasil, ṣì ń pe ara wọn ní Kétu dòní. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó òrìṣà níbẹ̀, wọ́n máa ń fi ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́ sí i níwájú orí. Ekodidé ni wọ́n ń pè é. Ìkóóde tiwa náà ni. Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kò lè gbé odídẹrẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gbé orúkọ ìyẹ́ rẹ̀ lọ.

Igbó wo ló wá kù fún wa nílé? Igbó orò àti igbó àwọn òrìṣà mìíràn ló kọ́kọ́ yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ ló dá wọn sí, ìbẹ̀rù ni, ẹyẹ sì jẹ nínú rẹ̀. Ní 2012, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé àṣẹ kan jáde tó fi irú àwọn igbó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ààbò òfin. Ní Pobẹ̀, níbi tí Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922, apá igbó kan ṣì wà tí wọn kò gé. Ní Àjàṣẹ́, igbó ọba ni ọgbà igi tó wà láàárín ìlú kí Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò irúgbìn. Igbó ìjọba tó wà ní Dogo, lágbègbè Kétu, tóbi jù wọ́n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹyẹ ń dínkù. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ti ka igún mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pòórá láyé. A mọ ohun tó ń pa á, nítorí orí rẹ̀ wà lórí àtẹ lọ́jà wa. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó sókè òkun. Mo ń bu ọlá fún oníṣègùn, ṣùgbọ́n oògùn tí yóò pa igún tó kẹ́yìn, kí ni ọmọ oníṣègùn yóò fi ṣiṣẹ́? Ohun kejì tó ń lọ ni orúkọ. Ọmọ wa tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé, wazó ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, ì báà ṣe ìbákà, ì báà ṣe ẹ̀gà.

Kò gba owó púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kí oòrùn tó mú, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí etí igbó tó wà nítòsí, kí bàbá tàbí ìyá àgbà kan wà pẹ̀lú yín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni igbó, ẹ má wọ ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀. Ẹ má gbé rọ́bà dání. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn, kí ó tó béèrè orúkọ. Bí ẹ bá rí àlùkò, ẹ dúró kí ó fò: nígbà tó bá jókòó, ó dà bíi pé ó dúdú, ìgbà tó bá la ìyẹ́ ni pupa inú rẹ̀ yóò yọ. Nígbà náà ni ọmọ yóò mọ ìdí tí a fi ń so àlùkò mọ́ osùn nínú ìwúre. Bàbà gidi, irú èyí tí a fi ń ṣe wáyà, wà nínú àwọ̀ pupa yẹn. Bí ẹ bá rí àtíòro, ẹ fi ẹnu rẹ̀ tó tóbi hàn wọ́n.

Orúkọ ẹyẹ kì í ṣe ọ̀kan náà láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ ń gbé létí odò Ọ̀pàrà, àti ẹ̀yin Ifẹ̀ ti Tógò, kí ni ẹ ń pe elúùlúù lọ́dọ̀ yín?