Iṣẹ́ abẹ eegun trapezium

Trapezium ni eegun kékeré tó wà ní ìdí àtàǹpàkò, ọ̀kan nínú eegun mẹ́jọ ọrùn ọwọ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ bí gàárì, eegun àtàǹpàkò sì jókòó lé e bí ẹni gẹṣin. Òun ló ń jẹ́ kí àtàǹpàkò yí wá pàdé àwọn ìka yòókù, tí a fi ń mú abẹ́rẹ́, tí a fi ń ṣí ìdérí ìgò. Nínú ọgọ́rùn-ún eegun ọrùn ọwọ́ tó bá kán, tirẹ̀ kì í ju bíi 3 sí 5 lọ.

Ìṣubú àti ìjàǹbá alùpùpù ló sábà ń mú kó kán. Bí ọwọ́ bá di hándù mú nígbà tí alùpùpù kọ lu nǹkan, eegun àtàǹpàkò lè la trapezium sí méjì lóròóró. Nígbà mìíràn, ìdí àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ á kán pẹ̀lú, irú èyí tí dókítà Edward Bennett ṣàpèjúwe ní Dublin lọ́dún 1882. Fọ́tò x-ray lásán lè má fi í hàn, nítorí àwọn eegun mìíràn ń bò ó. Àyẹ̀wò CT ló ń tú u fó.

Bí eegun bá ti yẹ̀, dókítà á la awọ níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti pàdé ẹ̀yìn ọwọ́. Ibẹ̀ gba sùúrù gan-an: iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, iṣan ìmọ̀lára tínínrín sì wà lábẹ́ awọ, bí abẹ bá ge é, ẹ̀yìn àtàǹpàkò á kú tipiri. Dókítà á ṣí oríkèé náà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, á to eegun títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú, á fi wáyà Kirschner dè é fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á fi ìṣó tí a ń yí wọlé dè é. Ìṣó tí Timothy Herbert ará Ọsirélíà ṣe kò lórí, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ń wọnú eegun, kò sì ní máa ha oríkèé.

Bó bá jẹ́ ṣóńṣó trapezium nìkan ló kán, kì í sábà nílò ju POP lọ. Bí kò bá jinná, tó sì ń dunni, wọ́n á yọ ègé tó kán náà.

Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kí a ṣiṣẹ́ abẹ bí àlàfo níbi tó kán bá ju mìlímítà 2 lọ. Àmọ́ àwọn aláìsàn díẹ̀ ni ẹ̀rí náà ti wá, kò sì tíì yẹ kí a pè é ní òfin. Ohun tó dájú jù ni pé ojú oríkèé tí kò tẹ́jú lè di làkúrègbé.

Ẹni tó bá ṣubú, tí ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ò yéé dùn ún bí x-ray tilẹ̀ mọ́, kó padà lọ béèrè fún CT.