Sankarau àti Ìwádìí Tó Ti Zaria Jáde

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé yìí, ọmọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Yóò jókòó láàárín wa lónìí, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bá sọ, nítorí pé etí rẹ̀ ti di láti ọdún 1996. Ṣùgbọ́n yóò ka ìwé yìí. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ fún.

Àwa tí a dàgbà ní Zaria ní àwọn ọdún 1970 mọ ohun tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́. Ooru á mú, eruku á gbòde kan, àwọn ìyá wa á sì máa fọwọ́ kan ọrùn wa láràárọ̀. Àrùn yírùnyírùn ni wọ́n ń bẹ̀rù, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Ibà, orí fífọ́ àti èébì ni í fi í bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọrùn á le gbagidi. Kòkòrò àrùn ló ń wọ inú awọ tó bo ọpọlọ, tí ibẹ̀ á sì wú. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àrùn náà á rọlẹ̀. Ní 1963, Lapeyssonnie, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàpèjúwe ilẹ̀ tí àrùn yìí ti ń jà bí ìgbànú tó gba ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Lónìí, a mọ̀ pé ó nà láti Senegal dé Ethiopia. Inú ìgbànú náà ni a ń gbé.

Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ọmọ àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ní orí ń fọ́ òun. A ní ibà lásán ni. A fún un ní chloroquine, a sì fi aṣọ tútù nù ún lára. Ọjọ́ kẹta, tí kò lè tẹ ọrùn mọ́, ni a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀bi wa ni, n kò sì ní dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Wọ́n fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara ti dàrú bí omi ìrẹsì.

Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà ń lọ, orúnkún rẹ̀ kan wú. Ẹ̀rù tún bà wá. Dókítà ní kí á fọkàn balẹ̀, ó ní kì í ṣe kòkòrò ló ń wú u, ara ọmọ náà ló ń jà ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì rọlẹ̀. Ó wá fi kún un pé ní Zaria yìí gan-an ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí àyè gbà mí, mo wá ìtàn náà kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà ni Brian Greenwood, tí wọ́n bí ní Manchester ní 1938. Ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1965. Irú làkúrègbé kan wà tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí ara ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Irú ikú ilé bẹ́ẹ̀ ni. Greenwood rí i pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ dókítà ń béèrè ìdí tí àrùn kan fi wà, ṣùgbọ́n òun béèrè ìdí tí kò fi sí. Ó fura sí ibà tí ẹ̀fọn ń fà, pé ó lè máa dín ìjà ara kù. Ní 1970, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn fi ibà sára àwọn eku tí ara wọn máa ń bá ara rẹ̀ jà, àrùn náà sì dínkù lára àwọn eku náà.

Ní 1970, ó wá sí Zaria láti bá wọn dá ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Ní 1972, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tó dà bí àǹfààní yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kejì: bí ibà bá wà lára ọmọdé, ara rẹ̀ kì í gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dáadáa. Ní 1973, òun, Hilton Whittle àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Bryceson ṣàlàyé irú orúnkún wíwú tí a rí yẹn: oògùn ara àti àwọn ẹ̀yà kòkòrò tó ti kú ló so mọ́ra, tí wọ́n sì ń fa ìjà sí oríkèé.

Ohun tó tún wú mi lórí ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Abẹ́rẹ́ penicillin ní láti máa lọ léraléra fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí aláìsàn bá kún àgbàlá, ta ni yóò ṣe é? Àwọn oníṣègùn Zaria dán chloramphenicol wò, lẹ́yìn náà wọ́n dán irú rẹ̀ tó ń pẹ́ lára wò, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ní abúlé tí kò sí bẹ́ẹ̀dì.

Greenwood lọ sí Gambia ní 1980. Ní 2008, ilẹ̀ Japan fún òun àti Miriam Were ti Kenya ní àmì ẹ̀yẹ Hideyo Noguchi àkọ́kọ́ fún ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú nìkan kò tó. Ní 1996 tó mú ọmọ wa, èèyàn 109,580 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ṣàìsàn náà ní Nàìjíríà, 11,717 sì kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àtijọ́ kì í pẹ́ lára, pàápàá lára ọmọdé. Ní oṣù kejìlá 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní tuntun, MenAfriVac, ní Burkina Faso, ó sì dé Nàìjíríà ní 2011. Irú A, tó ti ń pa wá láti ìgbà bàbá wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ní 2017, irú C gbéjà kò wá ní Zamfara àti Sokoto, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,100. Ní 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ Men5CV, tó ń dènà irú márùn-ún, ní gbogbo àgbáyé.

Ìwé ìwádìí ń dárúkọ àwọn dókítà. Kò sí ibi tí mo ti rí orúkọ àwọn ọmọ Ìbàdàn àti ti Zaria tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti omi ẹ̀yìn wọn. Àwọn náà wà nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe àrùn nìkan ló ti àdúgbò wa jáde, ìmọ̀ náà ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Nígbà ooru, bí orí bá ń fọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má ṣe bí a ti ṣe. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ mú un lọ.

Ọmọ àbúrò mi ti di aránṣọ báyìí, ó sì ti bímọ méjì. Nígbà tí wọ́n gún àwọn ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, ó kọ ọ́ sórí ìwé fún mi pé, "Bàbá, wọn yóò gbọ́ràn." Àṣẹ ni. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí.