Ìlà ìmọ́lẹ̀ gáàsì tó yí ihò dúdú ká

Ìlà ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ tóóró-tóóró tó ń yọ nígbà tí a bá pín ìmọ́lẹ̀ àárín àgbájọ ìràwọ̀, ìyẹn gálásì, sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ihò dúdú àárín gálásì kì í tan ìmọ́lẹ̀. Gáàsì tó ń pòyì wọ inú rẹ̀ ló ń gbóná janjan, ìtànṣán rẹ̀ a sì máa já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́mù gáàsì tó wà lókèèrè díẹ̀. Gáàsì yìí náà á wá máa tàn. Àwọ̀ pupa háídrójìn wà ní nánómítà 656.3, ọ́síjìn tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ń tan àwọ̀ ewéko ní 500.7. Bí ọmọ Ẹdẹ ṣe ń dijú mọ ohùn ìyáàlù yàtọ̀ sí ti gúdúgúdú ni onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń fi ìlà dá gáàsì kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Onímọ̀ ìràwọ̀ Edward Fath ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú gálásì NGC 1068 ní Kalifọ́níà ní 1908. Carl Seyfert kọ̀wé lórí gálásì mẹ́fà bẹ́ẹ̀ ní 1943. Ní 1963, Maarten Schmidt rí i pé ìlà háídrójìn inú 3C 273, ohun kan tí wọ́n rò pé ìràwọ̀ ni, ti sún sápá pupa ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún; èyí fi hàn pé ó wà lọ́nà jíjìn réré.

Ìbú ìlà gan-an ló kún fún ọ̀rọ̀. Gáàsì tó sún mọ́ ihò dúdú ń sáré ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ń sún sí búlúù, apá tó ń lọ ń sún sí pupa, ìlà á sì fẹ̀. Ti gáàsì ọ̀nà jíjìn kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlà fífẹ̀ kò hàn tààrà nínú NGC 1068, àfi ìgbà tí Antonucci àti Miller rí i ní 1985 nínú ìmọ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ ta lu gáàsì mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Eruku ló bo àárín rẹ̀ mọ́ wa lójú. Lójú tèmi, kò sí àwárí tó wuni tó èyí nínú ìmọ̀ yìí.

Bí a bá mọ eré gáàsì àti bó ṣe jìnnà sí ihò dúdú tó, a lè wọn ihò náà. Ní 2018, awò awọ̀nàjíjìn ilẹ̀ Chile fi hàn pé ti 3C 273 wúwo tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 oòrùn.

Ní Nàìjíríà, onímọ̀ ìràwọ̀ Samuel Okoye dá ibùdó ìwádìí òfurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka ní 1972. Ìlú Ẹdẹ náà ní àǹfààní tirẹ̀: ó sún mọ́ agbedeméjì ayé, nítorí náà NGC 1068 àti 3C 273 ń kọjá nítòsí àtàrí níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ láàárín òru oṣù Kọkànlá, ti èkejì ní òpin oṣù Kẹta. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán ìlà ìmọ́lẹ̀ gálásì tí iṣẹ́ Sloan Digital Sky Survey kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní Ẹdẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wọn ìbú ìlà wọ̀nyí fúnra wọn.